Ojú Ìyá Ìkókó

Òórùn epo kẹrosíìnì ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́bàá ìlú Kíírì, ní ilẹ̀ Bùnù, nígbà náà. Nọ́ọ̀sì ni mí níbẹ̀. Àtùpà la fi ń gbẹ̀bí, èéfín rẹ̀ sì ti sọ àjà di dúdú.

Àwa kan láti Kábà wá dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí Fesibúùkù, à ń ké sí ìjọba kí wọ́n gbé iná wá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, alága ẹgbẹ́ wa yà sí ilé ìwòsàn náà. Ẹ̀yìnkùlé ni mo wà tí mò ń fọ irinṣẹ́ nígbà tó ya fọ́tò obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Orí ẹní ni obìnrin náà wà, ìró rẹ̀ ò bò ó tán, òógùn kún ojú rẹ̀. Kò pẹ́ tí fọ́tò náà fi dé Makutu, ó dé Odò-Ẹrẹ̀, àwọn ará wa tó wà l'Ékòó ń kọ "ó mà ṣe o" sábẹ́ rẹ̀.

Àárín ọjà ni ọkọ obìnrin náà ti rí i lórí fóònù ẹlòmíì. Ìtìjú mú un, ó padà sílé. Mo bẹ alága kó yọ fọ́tò náà kúrò.

Ó ní, "Àǹtí nọ́ọ̀sì, bí wọn ò bá rí ojú, àánú ò ní ṣe wọ́n."

Ohun tó dùn mí jù ni pé kò parọ́. Káńsù ìjọba ìbílẹ̀ tí kì í dá wa lóhùn ti ń pè wá nítorí fọ́tò náà.

Ìyá ìkókó fúnra rẹ̀ ló parí ọ̀rọ̀. Ó pọn ọmọ, ó gun ọ̀kadà wá bá mi nílé ní Kábà, mo sì mú un lọ bá alága ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún fóònù ṣe.

"Okun o," ló kí i bí a ṣe ń kíra nílẹ̀ wa, ó fa àga, ó jókòó. "Ta lo bi léèrè kí o tó yà mí?"

Alága wolẹ̀. "Ẹ má bínú, ìyá ìkókó. Nítorí yín la ṣe ṣe é."

"Mo mọ̀. Èmi náà fẹ́ iná. Yọ ojú mi kúrò, kí o gba ohùn mi sílẹ̀. Mo lẹ́nu."

Ó yọ fọ́tò náà lójú wa. Obìnrin náà wá sọ̀rọ̀ sínú fóònù, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ní èdè Bùnù, bí àtùpà ṣe kú mọ́ ọn lójú nígbà tó ń rọbí lọ́wọ́. Kò dárúkọ ara rẹ̀. Ohùn náà rìn, àmọ́ kò rìn tó fọ́tò. Fọ́tò ọ̀hún sì wà lórí fóònù àwọn tí a ò mọ̀ títí dòní. Ta ló fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ jọ? Ó pẹ́ díẹ̀ kí iná tó ń lo oòrùn tó dé ilé ìwòsàn wa, ṣùgbọ́n ó dé.

Ní báyìí, bí ẹnikẹ́ni bá gbé fóònù sókè ní wọ́ọ̀dù wa, màá ní kó dúró, màá kọ́kọ́ bi aláìsàn bóyá ó gbà. Àwọn kan ń gbà, àwọn kan ń kọ̀. Ẹni tó gbà ká gbèjà òun kò fi ojú rẹ̀ ta wá lọ́rẹ.