Kọ̀ǹpútà Tó Ka Ọmọ fún Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ó ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin, ṣòfò àkọ́bí rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ohun tó ṣẹ́kù fún un ni ohùn tí ọmọ náà máa ń gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. Ojú ẹ̀gbọ́n mi kò rí lẹ́tà wẹ́wẹ́ fóònù mọ́. Bí ó bá fẹ́ gbọ́ ọ, àfi kí ó bẹ ẹlòmíràn.

"Wọn a dúró tì mí," ni ó wí, "wọn a máa wojú mi bóyá n ó sunkún."

Èmi tí mo fi ìṣirò kíkọ́ àwọn ọmọ iléèwé jẹun ní Ìjẹ̀bú-Òde títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo ṣèlérí pé yóò máa dá a gbọ́. Mo kó ohùn gbogbo ọmọ rẹ̀, ti àkọ́bí àti ti àwọn àbúrò rẹ̀, sínú kọ̀ǹpútà mi àtijọ́, mo sì kọ ìlànà àṣẹ ṣẹ́ẹ̀lì kan, èyí tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Àṣẹ kan wà nínú rẹ̀ tí ó ń to fáìlì sójú ẹ̀rọ, tí ó sì ń fi nọ́ńbà síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà èyí tó wuni ni a ó tẹ̀. Oríkì ọmọ kọ̀ọ̀kan ni mo fi sọ fáìlì tirẹ̀.

Mo gbé e síwájú rẹ̀. Ó wo lẹ́tà gàdàgbà náà, ó sì ká ọwọ́ kò.

"Àbúrò mi, ta ló ní kí o bá mi ka ọmọ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, fáìlì ni ó kà, kì í ṣe ọmọ."

"Ohùn ta ló wà nínú rẹ̀? Ti ewúrẹ́? O ka ọmọ ọlọ́mọ ní kíláàsì títí, kò tó ọ, ó wá kan tèmi. Èyí tí ikú mú lọ, o tún lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn níwájú!"

Ta ni a bí nílẹ̀ yìí tí kò mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ? Mo pa àṣẹ náà rẹ́, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, mo fọwọ́ ara mi kọ òmíràn. Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ ni a fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Kò sí nọ́ńbà mọ́: ọfà kékeré kan dúró ti oríkì àkọ́bí, bí a bá tẹ bọ́tìnnì ìsàlẹ̀, ọfà a sọ̀ kalẹ̀ sórí àbúrò rẹ̀, bí a bá tẹ bọ́tìnnì ńlá ọwọ́ ọ̀tún, ohùn a jáde. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dán an wò, ọfà náà kọjá àbíkẹ́yìn, ó wọ òkùnkùn lọ. Mo kọ́ ọ kí ó máa padà sókè.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ìka kan gbé ọfà lọ, ó gbé e bọ̀.

"Ó dáa. Bọ́ síta."

Mo bọ́ síta. Lábẹ́ igi ọsàn ni mo ti gbọ́ ohùn àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin náà: "Màmá, ẹ má jẹ́ kí ata pọ̀ jù nínú ìkọ́kọrẹ́ yẹn o."

"Ata dà?" ni ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn. "Ṣé ìwọ lo ń sè é ni?"

Mo gbọ́ tí ó tún tẹ bọ́tìnnì. Lẹ́yìn náà, ohùn ọmọ náà tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. N kò wọlé títí ó fi pè mí.