Ìdàrọ́ Tí Bàbá Mi Sá Sóòrùn

Lọ́dún tí ìjọba ti ẹnubodè, àlòkù irin tí à ń yọ́ níbi iṣẹ́ wa lẹ́yìn Ayétòrò kò wọlé mọ́. Ọ̀gá wa kó wa jọ, ó ní èyí tó kù nílẹ̀ kò ju yíyọ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ, lẹ́yìn náà òun á ti ilẹ̀kùn. Ó ti rẹ̀ mí tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn tún wá dá kún un.

Ohun kan ṣoṣo ló lè gbà wá. Olùkọ́ yunifásítì kan ti sọ fún wa pé ìdàrọ́, ìdọ̀tí tó máa ń ṣẹ́ kù bí irin bá yọ́, lè mu afẹ́fẹ́ káábọ̀nù tó wà nínú èéfín wa, èyí tí wọ́n ní ó ń mú ayé gbóná. Ká lọ̀ ọ́ kúnná, ká fi omi rin ín dáadáa, ká darí èéfín gba inú rẹ̀ kọjá. Bó bá mu ún, á le bí òkúta, a ó máa tà á bíi búlọ́ọ̀kù. Ọ̀gá ní bó bá le, òun á wá irin dé Èkó, kò sẹ́ni tí òun máa lé.

Bàbá mi ló ń ṣọ́ géètì wa. Ìlárá ló ti ṣe àgbẹ̀dẹ títí ojú rẹ̀ fi di bàìbàì, òun ló sì kọ́ mi níṣẹ́ irin. Èmi ni mo bá a wá iṣẹ́ géètì yẹn. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ olùkọ́ fún un, èmi náà kò ṣe é. Ta ló ń ṣàlàyé nǹkan fún ẹni tó ń ṣọ́ géètì?

Ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ yíyọ́, mo fi omi rin ìdàrọ́, mo dà á sínú àgbá tí páìpù èéfín wọ̀. Lọ́jọ́ kejì a yọ́ irin tó kù pátá. Nígbà tí a ṣí àgbá náà, ìyẹ̀fun gbígbẹ ló dà sí wa lẹ́sẹ̀. Ọ̀gá wò ó, ó bá tirẹ̀ lọ.

Bàbá fà mí sẹ́yìn. Inú rẹ̀ dùn.

“Ọpẹ́ ni pé kò bú. Omi ni mo bá nínú ẹ̀ láàárọ̀, mo sáré sá a sóòrùn, mo tún dà á padà kẹ́ ẹ tó dáná.”

Ní àgbẹ̀dẹ, omi kì í kan ìdàrọ́ tó gbóná, á bú gbàù, á fọ́ni lójú. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ó wá bi mí ohun tó ba ọ̀gá nínú jẹ́.

“Èéfín ò tó ni, Bàbá,” ni mo sọ.

Nísàlẹ̀ àgbá, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò dé, ìwọ̀n ẹ̀kúnwọ́ kan ti le gan-an. Mo jí i gbé sínú báàgì mi, kó má baà rí i. Wọ́n dá gbogbo wa dúró.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, mo wọlé bá Bàbá níjòókòó, ó gbé òkúta inú báàgì mi náà lé itan, òòlù àtijọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rọra kàn án, ó ń tẹ́tí.

“Omi ò kúrò lára èyí, ló ṣe le,” ó ní. “Ìwọ sì mọ̀.”

“Mo mọ̀, ẹ má bínú.” Ojú tì mí.

Ó gbé òòlù sílẹ̀.

“Nígbà tí mò ń kọ́ ẹ níṣẹ́, bó o bá ba irin jẹ́, mo máa ń sọ fún ẹ.”