Gonroku Ará Mibu, Òṣèré Tí Kì Í Fọhùn

Gbogbo Kyoto ló ń bẹ̀rù àwọn ẹ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n Gonroku kò bẹ̀rù wọn. Ó kàn kórìíra wọn ni, bí àgbẹ̀ ṣe máa ń kórìíra kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́ lóko. Ẹ̀fọ́ ni òun náà ń gbìn ní Mibu, abúlé wa létí Kyoto, ẹ̀fọ́ tí ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n máa ń fi iyọ̀ tẹ̀ sínú àgbá de ìgbà òtútù. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ, àfi ọjọ́ mẹ́wàá péré lọ́dún.

Ọjọ́ mẹ́wàá yẹn ni eré tẹ́ńpìlì, nígbà tí ewé tuntun bá ń rú. Àwa àgbẹ̀ Mibu la máa ń ṣe é. A ó fi aṣọ wé orí, a ó fi ìbòjú igi bo ojú, agogo àti ìlù yóò máa dún, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fọhùn lórí ìtàgé. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Bí ìṣó bá gún ọ, o ò gbọdọ̀ ké yéè. Láti ọmọ ogún ọdún ni Gonroku ti ń ṣe é, ó sì ti mọ́ ọn lára débi pé nígbà tí eyín rẹ̀ kan yọ lórí ìtàgé lọ́dún kan, ńṣe ló gbé e mì, tó ń bá ijó lọ.

Ní ti àwọn ẹ̀ṣọ́, ìjọba Edo ló kó wọn wá láti ìlà-oòrùn, pé kí wọ́n wá máa pa àwọn tó ń dìtẹ̀ nílùú. Wọ́n gba ilé àwọn olówó abúlé, wọ́n sọ àgbàlá tẹ́ńpìlì di ibi tí wọ́n ti ń kọ́ idà. Wọ́n dá aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run, aró rẹ̀ ṣí bí ìgbà tí wọ́n fi omi ìṣanwọ́ rẹ ẹ́, wọ́n wá ń gbé èjìká sókè láàárín ìgboro bí ẹni tó há igi sábíyá. Bí wọ́n bá ti yọ, ọjà á tú. Gonroku nìkan ló máa ń dúró, tí á máa wo ẹsẹ̀ wọn.

Á ní, "Ẹ wo ìrìn wọn! Ẹsẹ̀ oko ni gbogbo ẹ̀. Ẹni tí bàbá ẹ̀ ń kiri egbòogi lánàá, ó ra idà lọ́jà, ó wá di sàmúráì, ọmọ ìdílé ológun, lónìí. Ta ni wọ́n ń tàn?"

Òfin wọn ló tiẹ̀ máa ń mú un rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn jù. Ẹni tó bá sá kúrò nínú ẹgbẹ́, ó di dandan kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ la ikùn ara rẹ̀, kí ẹlòmíràn dúró lẹ́yìn bẹ́ ẹ lórí. Gonroku máa ń sọ pé ẹgbẹ́ tó ń pa ara ẹ̀ ju bó ṣe ń pa ọ̀tá lọ, ẹgbẹ́ òpònú ni.

Àṣé ẹ̀rín ń bọ̀ wá dẹkún. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Isomatsu, ọmọ ọdún méjìlélógún, dìde lọ́jọ́ kan, ó lọ wọ ẹgbẹ́ náà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló padà wálé pẹ̀lú aṣọ ojú ọ̀run lọ́rùn.

"Bàbá, mi ò jẹ́ Isomatsu mọ́ o. Takebe Ikkaku lorúkọ mi."

"Ta ló sọ ẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi fúnra mi ni."

"Ẹ gbà mí o! Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé wo nìwọ wò? Àbí ilé ẹ̀fọ́ inú àgbá?"

Tase, ìyá rẹ̀, kò gbójú sókè níbi tó ti ń fọ ẹ̀fọ́. Ó ní, "Orúkọ yẹn mà gùn ju idà ẹ lọ, ọmọ mi."

"Ẹ máa fi mí ṣẹ̀sín lọ. Bí mo bá ń kọjá nígboro báyìí, àwọn oníṣòwò ńláńlá ń tẹríba fún mi."

Gonroku ní, "Wọ́n ń tẹríba kí wọ́n má baà rí ojú ẹ ni."

Oṣù mẹ́jọ ni Isomatsu lò pẹ̀lú wọn. Wọ́n mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó sá, wọ́n sì ní Isomatsu ni kó dúró lẹ́yìn bẹ́ ẹ lórí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gé e kí orí tó já. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, inú ahéré tí Gonroku ń kó àgbá ẹ̀fọ́ sí ni ìyá rẹ̀ ti bá a, ó ká jọ sẹ́yìn àgbá, ó ń run iyọ̀. Òun náà ti sá. Bí wọ́n bá rí i, ó kú nìyẹn.

Ọjọ́ mẹ́ta ni àwọn òbí rẹ̀ fi pa á mọ́ níbẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ dúró sí gbogbo oríta, wọ́n sì ń tú ilé kiri. Ṣùgbọ́n eré tẹ́ńpìlì ti ń lọ lọ́wọ́, ẹni tó bá sì ti de ìbòjú, kò sẹ́ni tó ń bi í pé ta ni. Lọ́jọ́ tí eré bá parí, àwọn òṣèré Saga, abúlé kan lẹ́sẹ̀ òkè, máa ń wá bá wa ṣe é, wọ́n á sì gbé àpótí aṣọ wọn padà sílé pẹ̀lú ìbòjú lójú. Gonroku rò ó pé kí ọmọ náà de ìbòjú láti ilé, kó ṣeré tirẹ̀ lójú gbogbo ayé, kó sì bá àwọn ará Saga gbé àpótí lọ. Láti Saga, òkè ńlá ló kù, ẹ̀ṣọ́ kan kò sì lè mú un níbẹ̀.

Ó gbé ìbòjú fún un. Ti arúgbó obìnrin ni.

"Ìyá arúgbó kẹ̀? Bàbá, èmi tí mo jẹ́ sàmúráì?"

"Ṣé o fẹ́ yè ni àbí o fẹ́ gbayì?"

Isomatsu de ìbòjú náà, ṣùgbọ́n ó dijú mágbárí.

Bàbá àti ọmọ gba àárín àwọn ẹ̀ṣọ́ kọjá lójú ọ̀sán gangan. Ẹ̀ṣọ́ kan tiẹ̀ tún fọwọ́ gbá arúgbó náà nídìí, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n dé orí ìtàgé. Agogo ń dún, Gonroku ń jó nínú ìbòjú iwin, arúgbó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ará Saga sì ti ń di àpótí wọn lápá kan. Ó kù díẹ̀ kí eré parí.

Kuroiwa Daigo, olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń wá Isomatsu, ló jókòó níwájú, tó ń jẹ àkàrà ìrẹsì. Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó dìde, ó kígbe pé:

"Takebe Ikkaku! Mo mọ̀ pé o wà níbí! Bó o bá jẹ́ sàmúráì, dáhùn! Bó bá jẹ́ ọmọ ẹlẹ́fọ̀ọ́ ni ẹ́, máa bá ijó ẹ lọ!"

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín: ọkùnrin yìí kò mọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ló ti pariwo níwájú ilé ìwẹ̀ láàárọ̀, tó tún lọ pariwo rẹ̀ níwájú ìsọ̀ onítófù, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Bó ṣe ń kígbe níwájú ìtàgé yìí pàápàá, ẹni tó de ìbòjú ọ̀bọ ló tẹjú mọ́.

Ṣùgbọ́n Gonroku rí i tí ẹsẹ̀ arúgbó náà dúró. Ó rí i tí ọwọ́ ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí okùn ìbòjú. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Bí ó bá ti sọ pé "Má dáhùn," ká tiẹ̀ ní ó kàn ké yéè lásán, ì bá ti dá ọwọ́ yẹn dúró. Ẹnu rẹ̀ kò ṣí. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n eré àìfọhùn ti tì í pa. Ó mi orí, ó fọwọ́ bẹ̀bẹ̀, ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ gbì gbì bíi wèrè, àwọn òǹwòran sì ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ṣebí eré ni. Ihò ojú ìbòjú kò tóbi ju ẹyọ ẹ̀wà lọ. Ọmọ kò rí i.

Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Isomatsu tú okùn, ó ju ìbòjú sílẹ̀.

"Sàmúráì ni mí! Èmi Takebe Ikkaku rèé!"

Ìlù dá. Ojú Kuroiwa kọ́kọ́ wá a kiri kó tó rí i.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ránṣẹ́ sí Gonroku pé kó wá gbé òkú ọmọ rẹ̀. Wọ́n ti fi ẹní bò ó ní àgbàlá ilé tí wọ́n gbà. Kuroiwa dúró tì í, idà méjèèjì ní ìbàdí, ó fajú ro bí ẹni pé òun ló bímọ.

"Bàbá, ẹ má banú jẹ́. Ọmọ yín kú bí akọni. Kò ké rárá, kò tiẹ̀ fọhùn. Inú wa dùn sí i. Takebe Ikkaku, sàmúráì, la kọ sílẹ̀."

Gonroku ká ẹní náà díẹ̀, ó wo ojú ọmọ, ó tún un bò.

Ó ní, "Àná ló yẹ kó panu mọ́. Èmi ló yẹ kí n sọ̀rọ̀."

"Kí lẹ wí, bàbá?"

Láti ọjọ́ tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ti dé, kò sí ará Mibu kan, ọmọdé tàbí àgbà, tó pe ọ̀kankan nínú wọn ní "ìwọ" rí.

Gonroku ní, "Ìwọ yìí, yà lọ́nà. Isomatsu lorúkọ ọmọ mi, mo fẹ́ gbé e lọ sílé."

Kuroiwa yà fún un.