Rédíò Orí Igi Obì

Orí igi obì ni bàbá mi máa ń gbé rédíò rẹ̀ kọ́ tó bá wà lóko kòkó wa lẹ́bàá Ifẹ̀wàrà. Ó ní òun fi ń lé ọ̀bọ ni, àmọ́ mo mọ̀ pé torí ìròyìn ni. Rédíò ìjọba nìkan ló ń gbọ́. Nílé mi ní Dàda Estate, l'Òṣogbo, ketekete ló ń dún. Lóko, ariwo ṣáá-ṣáá ló pọ̀ jù, ohùn á yọ díẹ̀, á tún pòórá.

Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Bàbá, ẹni tó bá wà lórí oyè ni rédíò yín máa ń gbè lẹ́yìn."

"Kò purọ́ fún mi rí."

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ pé wọ́n ń jí èèyàn gbé lọ́nà oko, mo bẹ̀ ẹ́ kó wá sọ́dọ̀ mi. Mo ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ó ní rédíò ò tíì sọ ọ́. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo tẹ̀ lé e lọ fọ́ kòkó, kí a lè tètè parí.

Iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí a gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Bàbá fà mí lulẹ̀ sáàárín ewé gbígbẹ. Mo rí ìbọn kí n tó rí ẹni tó gbé e dání.

"Mọ́ mira o," ló sọ sí mi létí.

Mo tọ̀ sára. Ṣáá-ṣáá ni rédíò ń ṣe lórí igi, mo sì ń bẹ Ọlọ́run kó má ṣe sọ̀rọ̀. Àfi gbàà tí ohùn là, ó mọ́ ju t'Òṣogbo lọ: ìjọba ní kò sí ajínigbé kankan nínú igbó ìpínlẹ̀ yìí, àhesọ àwọn alátakò ni.

Àwọn agbébọn náà dúró gbọ́ ọ tán. Ọ̀kan bú sẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orí bàbá mi kó tó já rédíò náà, tí wọ́n sì gbé e wọgbó lọ. A ò dìde títí a ò fi gbọ́ ohùn rédíò mọ́.

Nígbà tí a délé bàbá mi, aládùúgbò rẹ̀ kan àti ìyàwó ń pọ́n àdá láti lọ sóko.

"Ẹ má lọ," ni bàbá mi wí. "Wọ́n wà níbẹ̀."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Bàbá, a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ lórí rédíò ni pé kò séwu. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní rédíò kì í purọ́?"

Bàbá mi lọ jókòó sáàárín ọ̀nà oko, ó ní ẹni tó bá fẹ́ kọjá á kọ́kọ́ tẹ òun mọ́lẹ̀.