Ohùn Màmá Lọ́wọ́ Etí-Ehoro

Ariwo jẹnẹrétọ̀ kan ò tíì kúrò létí mi títí dòní. Ti ọkùnrin kan tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé Màmá mi ní Ìbà Housing Estate ni. Bí wọ́n bá ti mú iná lọ láàárọ̀, ọkùnrin náà á bọ́ síta pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé, á fa okùn rẹ̀, kò ní tan, á tún fà á, á ṣépè fún un, á tún fà á. Tó bá wá tan, gbogbo gíláàsì fèrèsé Màmá á máa gbọ̀n. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn gan-an sì ni Màmá máa ń jókòó sí bí wọ́n bá fẹ́ fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Mo bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n sún sínú yàrá. Wọ́n ní ojú fèrèsé ni nẹ́tíwọ̀kì wà, kí n yé da àwọn láàmú.

Okokomaiko ni èmi ń gbé nígbà yẹn, nínú yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi. Ọ̀gá mi, obìnrin ará ìpínlẹ̀ Ògùn bíi tiwa, ń ta fóònù olówó pọ́ọ́kú létí títì Badagry, pẹ̀lú ṣájà àti mẹ́mórì kádì àti àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo ń bá wọn dúró ti ọjà. Bí oníbàárà bá wà, mo ń dáhùn. Bí kò bá sí, mo ti wọnú fọ́rọ́ọ̀mù nìyẹn.

Fọ́rọ́ọ̀mù tí mò ń wí yìí, ojúlé ńlá kan ni lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn èèyàn tí ò mọ ara wọn rí ti ń sọ̀rọ̀ fóònù, kọ̀ǹpútà, bátìrì àti ẹ̀rọ lóríṣiríṣi. Ẹnì kan á béèrè ohun kékeré, pé ṣájà wo ló dáa. Ẹnì kejì á dáhùn, ẹnì kẹta á ní ọ̀dẹ̀ ni ẹnì kejì, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀ sí í bú ilé ìwé tí kálukú lọ. Èmi náà wà láàárín wọn digbí. Mi ò lo orúkọ mi. Ọmọ Ìbà ni mo pe ara mi, gbogbo wọn sì gbà pé ọkùnrin ni mí, bros ni wọ́n ń pè mí. Mi ò tún un ṣe fún wọn. Mo ti rí i pé ibi tí bros ti ń jàre, sísítà ò lè jàre níbẹ̀.

Tí mo bá ronú kàn án báyìí, ó máa ń rẹ̀ mí. Bí mo ṣe máa ń jí, èsì tí mo kọ lánàá ni mo kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò, kí n mọ ẹni tó ti ta kò mí. Mo ń fọ eyín lọ́wọ́ kan, mò ń tẹ fóònù lọ́wọ́ kejì. Ẹ̀kọ tí mo rà á tutù, mọ́ínmọ́ín á gbẹ, èmi á ṣì máa ṣàlàyé fún ẹnì kan tí mi ò mọ̀ bóyá Kánò ló wà tàbí Kánádà. Bí mo bá ṣẹ́gun, ayọ̀ rẹ̀ ò ní dé ọ̀sán. Bí wọ́n bá ṣẹ́gun mi, àyà mi á máa ro mí di ọjọ́ kejì. Ta ló rán mi níṣẹ́? Kò sẹ́ni tó rán mi.

Màmá ti fura. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ kí wọn ní Ìbà, wọ́n gbé oúnjẹ síwájú mi, wọ́n jókòó, wọ́n ń wò mí bí mo ṣe ń fi àtàǹpàkò gbá fóònù. Wọ́n bi mí pé ta ni mò ń bá jà. Mo ní mi ò mọ̀ wọ́n.

"O ò mọ̀ wọ́n, o sì ń bá wọn jà?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní Màmá, kò lè yé yín. Wọ́n ní lóòótọ́, kò yé àwọn. Wọ́n gbé ọbẹ̀ náà padà kaná.

Nínú gbogbo àwọn tí mò ń bá fà á, ẹnì kan wà tó pe ara rẹ̀ ní Etí-Ehoro. Ọ̀rọ̀ ohùn ni tirẹ̀: sípíkà, máìkì, bí a ṣe ń gba ohùn sílẹ̀. Kì í bú èèyàn, ìyẹn gan-an ló sì máa ń bí mi nínú jù. Á rọra kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bíi tíṣà, á sì fi ẹ̀rí tì í. Ó wá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan pé ó dárúkọ fóònù kan, ó ní máìkì rẹ̀ ò dáa, ó ní bí ariwo díẹ̀ bá ti wà nítòsí, á gbé ohùn èèyàn mì. Fóònù yẹn gan-an ló kún ṣọ́ọ̀bù wa dé àjà. Òun náà ni mo rà fún Màmá. Ó dà bíi pé ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wa tó ń lé oníbàárà. Mo dá a lóhùn, ó dá mi lóhùn, àwọn èrò pé lé wa lórí, wọ́n ní kí kálukú mú ẹ̀rí wá.

Ni mo bá mú ohùn Màmá síta.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, oríkì ni Màmá fi máa ń jí mi. Wọ́n á jókòó sétí ẹní mi, wọ́n á pe oríkì mi, wọ́n á bọ́ sórí ti ilé bàbá mi, wọ́n á máa kì mí títí màá fi la ojú. Ìgbà tí mo kó lọ sí Okokomaiko, wọ́n ò dáwọ́ dúró. Àràárọ̀ ni wọ́n ń kì mí sínú fóònù, wọ́n á fi ránṣẹ́, wọ́n á sì fi ọ̀rọ̀ ilé kan tàbí méjì kádìí rẹ̀. Èyí tó wọlé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo gbé sórí fọ́rọ́ọ̀mù. Mo ní kí gbogbo ayé gbọ́ bí ohùn ìyá mi ṣe mọ́ kedere lórí fóònù tí Etí-Ehoro ní kò dáa. Ìyá mi ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, wọn ò mọ̀ pé àwọn jẹ́ ẹlẹ́rìí níbì kankan.

Etí-Ehoro gbọ́ ọ. Ó kọ̀wé pé oríkì náà wọ òun lára, kí Ọlọ́run dá ìyá sí. Ó wá fi kún un pé kí n sọ òótọ́: níparí, níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti bú sẹ́kún, kí ni ìyá yìí ń sọ? Mo padà lọ gbọ́ ọ. Lóòótọ́, bí oríkì ṣe parí báyìí ni ọkùnrin ìsàlẹ̀ fa okùn rẹ̀. Èèyàn ń gbọ́ pé Màmá ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ariwo ti bo ohun tí wọ́n ń sọ mọ́lẹ̀, àfi "ó dàárọ̀ ọ̀la o" tí wọ́n fi parí rẹ̀. Mo kọ̀wé padà pé àdúrà ni wọ́n ń ṣe, pé ọ̀rọ̀ ilé wa ò kàn án, pé jẹnẹrétọ̀ ló pariwo, máìkì ò ṣẹ̀ ẹ́. Ó ní ó dáa. Ó ní òun á fi kọ̀ǹpútà fọ ariwo náà kúrò, gbogbo wa á sì gbọ́ iye ọ̀rọ̀ tí máìkì ọ̀hún sin.

A dúró títí, kò padà wá. Àwọn èrò ń pè é, kò dáhùn. Mo wá gun orí ẹṣin. Mo kọ ọ́ pé etí ehoro ti di, pé kí ó lọ fi òróró sí i. Wọ́n yìn mí, wọ́n ní bros, o pa á. Mo fi sínú pé màá bi Màmá léèrè ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún dé Ìbà, ọ̀rọ̀ mìíràn la sọ. Ohùn tuntun sì ń wọlé láràárọ̀, ta ló ń wá ti àná?

Àìsàn tó mú Màmá lọ ò pẹ́ rárá. Lẹ́yìn ìsìnkú, mi ò lè ṣí àwọn ohùn náà. Mo kàn ń gbé fóònù mi kiri ni, mo mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Ibi tí mo ti ń dúró de ọkọ̀ ní Ìyànà Ìbà ni àwọn méjì tó wà lórí ọ̀kadà ti já a gbà lọ́wọ́ mi. Èmi tí mò ń ta mẹ́mórì kádì fún gbogbo aráyé, tí mò ń gba àwọn oníbàárà níyànjú pé kí wọ́n tọ́jú ẹ̀dà nǹkan wọn, mi ò tọ́jú ẹyọ kan. Fóònù Màmá alára sì ti bàjẹ́ nígbà àìsàn wọn. Mo jókòó sórí ìdọ̀tí létí títì, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nílé.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni àbúrò mi obìnrin bímọ àkọ́bí rẹ̀. Sójà ni ọkọ rẹ̀, inú Cantonment Ọ̀jọ́ ni wọ́n ń gbé. Ọ̀dọ̀ Màmá ló ń gbé títí Màmá fi kú kó tó lọ sílé ọkọ, ìdí nìyẹn tí Màmá kì í fi ohùn ránṣẹ́ sí i. Ó pè mí láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní òun ń kì ọmọ òun, ó kàn ń já mọ́ òun lẹ́nu ni, òun ò mọ̀ ọ́n délẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀kan nínú ohùn Màmá ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ kí ọmọ yìí gbọ́ wọn."

Mo ní màá fi ránṣẹ́. Mo gbé fóònù sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo rántí fọ́rọ́ọ̀mù, tí mo ti pa tì láti ìgbà ikú Màmá.

Mo wá ojú ìwé tí a ti jà kàn. Gbogbo èébú wa wà níbẹ̀ pé pérépéré, kò sí ẹyọ kan tó sọnù. Ohùn Màmá nìkan ni ò sí mọ́. Àwọn tó ni ojúlé náà ti kó àwọn ohùn àtijọ́ dànù kí ààyè lè wà. Gbogbo bí mo ṣe ka tèmi tó, ojú ara mi ń tì mí. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó lè ní in lọ́wọ́, òun náà sì ni ẹni tí mo ní kó lọ fi òróró sétí.

Báwo ni èèyàn ṣe ń kọ̀wé sí irú ẹni bẹ́ẹ̀? Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́. Nígbẹ̀yìn, mo kàn kọ pé ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ìyá tó ń ki ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́sí ti kú, èmi ni ọmọ náà, mi ò ní ohùn wọn lọ́wọ́ mọ́, ẹ dákun. Mo ń dúró. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbà pé kò sí níbẹ̀ mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mò ń nu eruku orí káúńtà, fóònù dún.

Ó ní òun bá mi kẹ́dùn. Ó ní òun ò jẹ́ pa irú ohùn bẹ́ẹ̀ rẹ́. Méjì ló fi ránṣẹ́: èyí tí mo gbé síta, àti èyí tó fọ ariwo kúrò lára rẹ̀. Ó ní kí n fara balẹ̀ gbọ́ ìkejì.

Mi ò gbọ́ ọ níbẹ̀. Mo gba ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀jọ́. Àbúrò mi ti gbé ọmọ lé ẹsẹ̀. A tan èyí tó mọ́ náà. Ohùn Màmá jáde, ó ki mí, ó ki ilé bàbá wa, àbúrò mi ń sunkún, ọmọ ń wo àjà. Oríkì parí. A dé ibi tí jẹnẹrétọ̀ ti máa ń bú, kò bú. Màmá ló ń sọ̀rọ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tó wà nínú yàrá:

"Àwọn tí ò ń bá jà yẹn, wọn ò mọ̀ ẹ́. Èmi ni mo mọ̀ ẹ́. Gbé fóònù sílẹ̀ kí o jẹun. Ó dàárọ̀ ọ̀la o."

Àbúrò mi bi mí pé àwọn wo ni mò ń bá jà. Mo tún ohùn náà tan láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé ṣọ́ọ̀bù, mo bi Etí-Ehoro léèrè ìdí tí kò fi gbé e síta nígbà yẹn. Ìbá ti borí. Gbogbo fọ́rọ́ọ̀mù ìbá ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ di oní. Ó dáhùn pé ọ̀rọ̀ ìyá sí ọmọ ni, òun ò lè tìtorí máìkì fóònù gbé e sójú ọjà. Ó ní, "Èmi náà ò tíì jẹun lọ́jọ́ yẹn. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo lọ jẹun."

Títí di ìsinsìnyí, mi ò mọ orúkọ rẹ̀, mi ò mọ ìlú tó ń gbé. Mo kàn kọ ọ́ sí i pé máìkì náà ò dáa lóòótọ́, ẹ̀yin lẹ jàre. Ó fi ẹ̀rín ránṣẹ́. A ò tún bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́.

Àbúrò mi ń fi èyí tó mọ́ jí ọmọ rẹ̀. Èmi, èyí tó ní jẹnẹrétọ̀ ni mo máa ń tan, torí bí ilé wa ṣe rí láàárọ̀ nìyẹn, pẹ̀lú ọkùnrin ìsàlẹ̀ àti èpè rẹ̀. Mo ti mọ ohun tó wà lábẹ́ ariwo náà báyìí. Bó bá ti dé ibẹ̀, mo máa ń dáhùn pé mo ti jẹun, Màmá. Nígbà mìíràn, irọ́ ni. Màá wá gbé fóònù sílẹ̀, màá lọ wá nǹkan jẹ.