Ilé Ló Ń Yà, Kò Ya Orí

Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni Baba Fọ́tò. Láti ìgbà tí káńsù ti ń wó ilé àtijọ́, tí wọ́n ń kọ́ alájà mẹ́ta mẹ́rin sípò wọn, òun ni wọ́n ń rán níṣẹ́. Á ya àdúgbò kí wọ́n tó wó o, á tún yà á bí wọ́n bá kọ́ ọ tán. Irun dúdú ló gbé dé ìdí iṣẹ́ náà. Ó ti funfun tán.

Ó mọṣẹ́ dunjú. Àmọ́ kò fẹ́ ènìyàn nínú fọ́tò ilé. Bó bá ti gbé kámẹ́rà lé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, á pariwo: “Ẹ kúrò níbẹ̀ o! Ilé ni mò ń yà, n ò ya orí!” Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá ń lọ́ra, á dúró dè é.

Lọ́dún yìí, káńsù kó àwọn fọ́tò náà kọ́ sára ògiri gbọ̀ngàn wọn, wọ́n ní kí ará ìlú wá wò ó. Baba Fọ́tò wọ aṣọ tuntun, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ọkọ ìyàwó.

Èrò dé. Kò pẹ́ tó fi rí i pé kì í ṣe ilé ni wọ́n ń wò. Imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan fọ́tò, wọ́n ń wá nǹkan.

Ọkùnrin kan ní, “Ilé wa rèé. Bàbá wa dà? Ẹnu ọ̀nà yìí ni wọ́n ń jókòó sí látàárọ̀ ṣúlẹ̀.”

Ẹnì kejì ní, “Àbí lẹ́yìn tí gbogbo wa kú tán ni wọ́n yà á?”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Baba Fọ́tò náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò dénú.

Obìnrin aránṣọ kan wá fà á lápá. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ìyá náà ti kú, kò sì ya fọ́tò rí láyé.

“Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Ẹ bá mi wá màmá mi. Iwájú ilé yìí ni wọ́n ti ń ránṣọ lójoojúmọ́. Wọn ò lè má sí níbẹ̀.”

Kò sí ohun tí Baba Fọ́tò fẹ́ wá; ó rántí ọjọ́ tó ya ilé náà. Maṣíìnì wà nínú fọ́tò náà, aṣọ ṣì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, àga wà lẹ́yìn rẹ̀. Òun ló ní kí ìyá náà dìde. Ìyá náà tiẹ̀ bẹ̀ ẹ́: “Fọ́tò, ṣé o ò lè yà mí mọ́ ọn? Mi ò ní mira.” Ó ní, “Màmá, ẹ máa bà á jẹ́.” Ìyá náà dìde, ó tún tọrọ àforíjì.

“Wọn ò sí níbẹ̀,” ni Baba Fọ́tò wí.

“Ibo ni wọ́n wá lọ?”

“Ẹ̀yìn mi ni wọ́n dúró sí.”

“Ta ló ní kí wọ́n lọ sẹ́yìn yín?”

“Èmi ni.”

Obìnrin náà ò bú u. Ì bá sàn kó bú u. Ó fi ìka kan àga inú fọ́tò, ó ní, “Ó dáa, bàbá. Ẹ ṣé,” ó sì lọ.

Ọ̀gá káńsù gbóhùn sókè: “Baba Fọ́tò dà? Ẹni tó bá wa tọ́jú ìlú wa!” Wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Bí ilẹ̀ bá lanu lọ́jọ́ náà, á wọ inú rẹ̀. Ó gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ.

Nílé, ìyàwó rẹ̀ ní, “Ṣé wọ́n yìn yín?”

“Wọ́n yìn mí.”

“Kí ló wá mú yín fajú ro?”

Ó sọ ọ́ fún un. Ìyàwó ní, “Ìyá aránṣọ yẹn? Ṣebí òun ló rán ẹ̀wù tí ẹ fi gbé mi níyàwó.”

Ìyàwó ò dáná fún un lálẹ́ ọjọ́ náà; búrẹ́dì àná ni Baba Fọ́tò jẹ. Ó fi omi lé e.