Bàtà Tó Kọjú sí Ìta

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìwé mi rẹ́rìn-ín. N kò kàwé púpọ̀.

Bàbá tí mò ń tọ́jú ní Missouri City ní Amẹ́ríkà jagun Burma kí Nàìjíríà tó gbòmìnira. Títí di ìsinsìnyí, wọ́n ń kọ imú bàtà wọn sí ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó sùn. "Ogun kì í kan ilẹ̀kùn," ni wọ́n máa ń wí.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ-ọmọ wọn obìnrin ní òun máa lọ forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ṣọ́jà lọ́la. "Grandpa, ẹ̀yin náà lọ now!"

Bàbá ní, "Èmi àti ọ̀rẹ́ mi la jọ lọ. Títí ìyá ọ̀rẹ́ mi náà fi kú, ó ń bi mí pé, 'Ọ̀rẹ́ ẹ dà?'"



Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni tó jí, mo bá bàtà ọmọ náà lẹ́nu ọ̀nà, imú rẹ̀ kọjú síta. Mo rọra yí imú rẹ̀ kọjú sínú ilé.